Klórínì 35.5: ta ló jẹ ààbọ̀ niútírọ́ọ̀nù?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS1 gbé iṣẹ́ àṣetiléwá kẹ́místírì wá bá mi pẹ̀lú omijé lójú. Wọ́n ní kí wọ́n kọ iye prótọ́ọ̀nù, niútírọ́ọ̀nù àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà nínú klórínì. Nínú ìwé rẹ̀, 17 ló wà lókè àmì klórínì, 35.5 ló wà nísàlẹ̀. Ó yọ 17 kúrò nínú 35.5, ó ku 18.5, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ fa igi lé e, ó ní 18 ni kó kọ. Ọmọ wá ń bi mí pé ààbọ̀ tó kù ńkọ́, ṣé wọ́n máa ń gé niútírọ́ọ̀nù sí méjì ni? Ẹyin ni mò ń tà, mi ò ka kẹ́místírì, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò, ti ọmọ yìí sì tọ́ lójú mi. Ẹ bá wa dá sí i."

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Ẹ kọ́kọ́ bá mi nu omijé ojú ọmọ yẹn nù, torí ìṣirò rẹ̀ pé pérépéré. Tí a bá yọ 17 kúrò nínú 35.5, 18.5 ló máa kù, kò sí àní-àní. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé 35.5 yẹn kì í ṣe ìwọ̀n átọ́ọ̀mù klórínì kankan. Ẹ lè wá gbogbo ayé já, ẹ ò ní rí átọ́ọ̀mù klórínì kan ṣoṣo tó wọn 35.5. Nígbà tí olùkọ́ wá ní kó gé ààbọ̀ kúrò, ńṣe ló fi ewé bo ihò mọ́lẹ̀. Kò dí i.

Èmi náà ti jìn sí ihò yìí rí. Nígbà tí mo wà níléèwé girama, wọ́n ní ká ya átọ́ọ̀mù klórínì nínú ìdánwò. Mo fi kọ́ńpáàsì fa òbìrípo, mo to prótọ́ọ̀nù 17 sí àárín, mo to niútírọ́ọ̀nù 18 tì wọ́n, mo wá ya ẹyọ kan tó kù bí oṣù tó lé dé ìdajì. Inú mi ń dùn pé èmi nìkan ni mo rántí ààbọ̀ yẹn ní gbogbo kíláàsì. Nígbà tí ìwé padà dé, olùkọ́ ti fi bírò pupa yí oṣù mi po, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: "Ta ló jẹ ìyókù?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé. Ọdún bíi mẹ́rin kọjá kí n tó mọ ibi tí ààbọ̀ náà ti wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ìdáná yín. Tí ẹ bá bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ìdajì àwọn átọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ jẹ́ klórínì, ìdajì yòókù jẹ́ sódíọ̀mù. Klórínì wà nínú jíìkì tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun. Òun náà ló ń rùn nínú omi ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá da oògùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ẹ bá pín klórínì sí wẹ́wẹ́, tí ẹ tún pín in, tí ẹ dé ibi tí ó kéré jù tí a ṣì lè pè é ní klórínì, átọ́ọ̀mù nìyẹn.

Kóró kan wà láàárín átọ́ọ̀mù yìí. Nucleus ni wọ́n ń pè é nínú ìwé àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kóró tẹ́ mi lọ́rùn. Inú kóró ni prótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù ń gbé, wọ́n fún pọ̀ mọ́ra gidigidi. Prótọ́ọ̀nù gbé agbára iná tó ní àmì ìròpọ̀, niútírọ́ọ̀nù ò gbé nǹkan kan, ìwọ̀n àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìta kóró ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà, àmì ìyọkúrò ló gbé ní tirẹ̀. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bíi 1,836 ló máa wọn tó prótọ́ọ̀nù kan. Ìdí nìyí tí a kì í fi í kà á kún un tí a bá ń sọ ìwọ̀n átọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá ń wọn ẹyin, ẹ kì í ka eruku ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Àwòrán inú ìwé máa ń tan àwọn ọmọ jẹ lórí bí nǹkan wọ̀nyí ṣe tóbi sí. Nínú àwòrán, kóró máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin átọ́ọ̀mù, bíi kóró máńgòrò nínú máńgòrò. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tí kóró klórínì bá fẹ̀ tó hóró àgbàdo, ká ní sẹ̀ǹtímítà 1, átọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ á fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 250. Iyẹn ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ tí a bá tò wọ́n ní gígùn, tí hóró àgbàdo kan wà láàárín, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 17 sì ń fò káàkiri gbogbo ibi tó ṣẹ́kù. Síbẹ̀, ara hóró àgbàdo yẹn ni gbogbo ìwọ̀n wà. Ní Manchester, lọ́dún 1909, Geiger àti Marsden tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Rutherford rọ̀jò àwọn ọta kéékèèké lu wúrà tí wọ́n ti lù di pẹlẹbẹ tín-ínrín. Púpọ̀ nínú wọn kọjá lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹyọ díẹ̀ ta padà sẹ́yìn. Ọdún 1911 ni Rutherford wá sọ ohun tí wọ́n ta bá: kóró ni.

Nọ́ńbà méjì ló wà nínú àpótí klórínì nínú àtẹ àwọn ẹ́líméǹtì, ìyẹn àtẹ tó fún oríṣi átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, bíi klórínì tàbí sódíọ̀mù, ní àpótí tirẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. 17 jẹ́ iye prótọ́ọ̀nù. Orúkọ àmútọ̀runwá ni mo máa ń pè é fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni. Ì báà sanra, ì báà tín-ín-rín, ì báà ga, Ìgè náà ni. Átọ́ọ̀mù tó bá ní prótọ́ọ̀nù 17, klórínì ni, ohun yòówù tí ì báà tún wà nínú kóró rẹ̀. Tí ẹ bá fi prótọ́ọ̀nù kan kún un, ó ti di árgọ́ọ̀nù, gáàsì kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀. Tí ẹ bá yọ ọ̀kan, ó di imí ọjọ́. Henry Moseley ló fi ìtànṣán X fi èyí hàn lọ́dún 1913, pé kì í ṣe ipò lórí ìlà lásán ni nọ́ńbà yìí, pé kíkà ló ṣeé kà láti ara átọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ogun pa á ní Gallipoli, ọmọ ọdún 27. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí ìyẹn.

Ní ti 35.5, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Ìwọ̀n ta wá ni? Ibi tí ẹ ti máa ràn mí lọ́wọ́ rèé, màmá, torí ẹyin lẹ̀ ń tà.

Ẹ mú ẹyin kéékèèké mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gíráàmù 50. Ẹ mú ńlá kan kún un tó wọn gíráàmù 60. Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí òṣùwọ̀n, 210 ló máa kà. Ẹ pín in sí mẹ́rin, ó jẹ́ 52.5. Tí oníbàárà bá wá béèrè pé "Ìyá ẹlẹ́yin, báwo ni ẹyin yín ṣe ń wọ̀n?", ẹ lè dáhùn pé 52.5, irọ́ kọ́ lẹ pa. Ṣùgbọ́n tó bá ní kí ẹ mú ẹyin tó wọn 52.5 wá kí òun fojú rí i, ibo lẹ ti máa mú un? 50 ń bẹ, 60 ń bẹ, 52.5 kò sí nínú ìsọ̀. Ẹni tó bá sì ní ààbọ̀ tó wà nínú 52.5 túmọ̀ sí pé ẹyin kan ti fọ́ sí méjì, ẹ máa wò ó lójú ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni klórínì. Oríṣi átọ́ọ̀mù klórínì méjì ló wà nínú ayé lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀kan ní prótọ́ọ̀nù 17 àti niútírọ́ọ̀nù 18, àpapọ̀ 35. Èkejì ní prótọ́ọ̀nù 17 àti niútírọ́ọ̀nù 20, àpapọ̀ 37. Nínú átọ́ọ̀mù klórínì 100, nǹkan bíi 76 jẹ́ 35, bíi 24 sì jẹ́ 37. Kí ìṣirò má bàa nira fún ọmọ SS1, ilé ìwé máa ń sọ ọ́ di 75 àti 25, ìyẹn mẹ́ta sí ọ̀kan, bí ẹyin yín yẹn gẹ́lẹ́. 35 lọ́nà mẹ́ta, ẹ fi 37 kan kún un, 142. Ẹ pín in sí mẹ́rin. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ ṣe é kí ọmọ máa wò yín.

35.5.

Ààbọ̀ tó ń wá rèé. Inú pínpín ló ti wá. Kò sí nínú kóró kankan.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kúkú kọ 35 àti 37 sínú àpótí náà kí wàhálà tán. Ìdí ni pé ẹnikẹ́ni kì í gbé átọ́ọ̀mù kan sórí òṣùwọ̀n nínú láàbù iléèwé. Nínú gíráàmù iyọ̀ kan ṣoṣo, átọ́ọ̀mù klórínì tó wà níbẹ̀ tó 1 tí òdo 22 tẹ̀ lé. Nínú èrò tó pọ̀ tó báyẹn, bí ẹ ṣe bù ú, bí ẹ kò ṣe bù ú, mẹ́ta sí ọ̀kan náà ni yóò máa bá yín wá. Iyọ̀ tí wọ́n fà jáde nínú òkun àti èyí tí wọ́n wà lábẹ́ ilẹ̀ kò yàtọ̀ lórí èyí ju bín-ín-tín lọ. Àwọn átọ́ọ̀mù yìí ti pò pọ̀ mọ́ra kí ayé yìí tó dáyé, kò sì sí ohun tó ń ṣà wọ́n lọ́tọ̀. Fún ẹni tó fẹ́ wọn klórínì nínú láàbù, ìpíndọ́gba ló wúlò. Fún ẹni tó fẹ́ ka niútírọ́ọ̀nù, ìpíndọ́gba kò wúlò rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí gígé ààbọ̀ kúrò fi ń bí mi nínú, torí kì í ṣe olùkọ́ ọmọ yín nìkan ló ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Kíláàsì ìṣirò ti kọ́ ọmọ yẹn pé tí nǹkan bá dé ààbọ̀, kó sún un sókè. 35.5 á di 36. Tó bá yọ 17 kúrò, niútírọ́ọ̀nù á jẹ́ 19. Klórínì 36 yẹn, ká wá a láyé yìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ìba táṣẹ́rẹ́ tó wà ń fọ́ fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń di nǹkan mìíràn. Òfin tí ìṣirò fi kọ́ ọ á sì gbé e lọ sọ́dọ̀ átọ́ọ̀mù tí kò sí nínú iyọ̀ ilé yín. Olùkọ́ ní kó sún un sálẹ̀, ó sì bọ́ sí i lọ́wọ́, nítorí 35 ń bẹ. Bíbọ́ sí i ni, ìmọ̀ kọ́.

Ẹ wo bàbà, tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Àpótí rẹ̀ sọ pé 63.5. Tẹ́ ẹ bá sún un sókè, 64. Bàbà 64 kì í gbé inú ilẹ̀. 63 àti 65 ló ń gbé ibẹ̀. Brómínì tún burú jù ú lọ: 79.9 ni wọ́n kọ sínú àpótí rẹ̀, ta ni kò ní sún ìyẹn di 80? Brómínì tí ayé yìí ní, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 79, ìdajì jẹ́ 81, bí ẹni pín in sọ́gbọọgba. 80 kò sí láàárín wọn. Bí ọkọ bá ga ní mítà 1.8, tí ìyàwó ga ní 1.6, a kì í torí pé ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 1.7 lọ wá ẹni ẹlẹ́ẹ̀kẹta sínú ilé wọn. Ohun tó ń jẹ́ kí àṣà yìí pẹ́ níléèwé ni pé ó máa ń ṣiṣẹ́ fún kábọ́ọ̀nù, ọ́síjínì àti sódíọ̀mù, tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Nínú kábọ́ọ̀nù 100, bíi 99 jẹ́ 12. Sódíọ̀mù tiẹ̀ jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo, 23. Ibi tí oríṣi kan bá ti borí báyẹn, ìpíndọ́gba á fara jọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ọ̀nà tí a gbà débẹ̀ kò dára.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ìbéèrè rẹ̀ ti da àwọn àgbà láàmú fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Mi ò sọ ọ́ láti fi pọ́n ọn. Lọ́dún 1815, dókítà oníṣègùn kan ní London tó ń jẹ́ William Prout gbé èrò kan jáde láì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó ní ìwọ̀n gbogbo ẹ́líméǹtì dà bí ìlọ́po ti háídírójínì, nọ́ńbà tó pé láìsí ààbọ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé háídírójínì ni wọ́n fi mọ gbogbo wọn. Èrò náà dùn létí. Ẹni tó bà á jẹ́ ni klórínì. Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n sí, ibi 35.5 ló ń já sí, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Marignac ní Geneva wá ní ó lè jẹ́ ìdajì háídírójínì ni òkúta ìpìlẹ̀, Dumas ní Faransé sì tún sọ ọ́ di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ rí i pé gígé tí ọmọ SS1 ń rò yẹn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n onírùngbọ̀n ti rò ó. Jean Stas, ará Bẹ́ljíọ̀mù, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wíwọ̀n nítorí pé ó gbà pẹ̀lú Prout. Nígbà tó fi parí, ó ní àlá lásán ni.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé orí òṣùwọ̀n wọn, èrò ọjà ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ẹnì kan. Ọdún 1913 ni Frederick Soddy, tó wà ní Glasgow, sọ ọ́ gbangba pé átọ́ọ̀mù méjì lè jókòó sí àyè kan náà nínú àtẹ kí ìwọ̀n wọn má sì dọ́gba. Nídìí oúnjẹ ni Margaret Todd, obìnrin oníṣègùn kan tó jẹ́ ìbátan ìyàwó rẹ̀, ti fún un ní orúkọ tó máa pe irú wọn: áísótóòpù, tí ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gíríìkì jẹ́ àyè kan náà.

Ẹni tó wá fojú rí i ní ti klórínì ni Francis Aston ní Cambridge. Ẹ̀rọ tó kọ́ lọ́dún 1919, mo máa ń fi ẹ̀wà fífẹ́ ṣàlàyé rẹ̀. Tí wọ́n bá ń da ẹ̀wà láti inú igbá sí igbá nínú atẹ́gùn, atẹ́gùn kan náà ló ń lu ẹ̀wà tó ń lu ìyàngbò. Ìyàngbò fúyẹ́, á fò lọ jìnnà. Ẹ̀wà wúwo, á já sílẹ̀ nítòsí. Aston kọ́kọ́ fi iná mànàmáná gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ átọ́ọ̀mù kí àmì ìròpọ̀ lè hàn lára rẹ̀, ó rán an lọ pẹ̀lú eré, lẹ́yìn náà ló wá lo iná àti òòfà dípò atẹ́gùn. Èyí tó fúyẹ́ yà púpọ̀ kúrò lọ́nà, èyí tó wúwo yà díẹ̀, oríṣi kọ̀ọ̀kan sì fi ìlà tirẹ̀ sílẹ̀ lára gíláàsì fọ́tò. Nígbà tó fi klórínì sínú rẹ̀, ìlà hàn ní 35, òmíràn hàn ní 37. Ìlà hàn ní 36 àti 38 náà, àmọ́ àwọn yẹn jẹ́ klórínì tó gbé háídírójínì kan pọ̀n. Ní 35.5, gíláàsì mọ́ fonífoní, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místírì lọ́dún 1922. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ niútírọ́ọ̀nù rárá. Ọdún 1932 ni James Chadwick tó rí i, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wá yé wọn pé niútírọ́ọ̀nù méjì tó lé ló sọ klórínì kan di 37.

Prout náà ò pàdánù pátápátá. Nígbà tí Rutherford ń wá orúkọ fún prótọ́ọ̀nù lọ́dún 1920, ó ní Prout lọ́kàn.

Tí ọmọ yín bá gbọ́ pé klórínì méjì ló wà nínú iyọ̀, ó ṣeé ṣe kó bi yín bóyá ọ̀kan dùn ju èkejì lọ. Rárá o. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń bá ará ìta dòwò pọ̀, ìpele ìpele ni wọ́n sì jókòó yí kóró ká: ìpele àkọ́kọ́ gba 2, ìkejì gba 8, 7 tó kù wà ní ìta. Ìlànà 2, 8, 7 yìí kan náà ni klórínì 35 àti klórínì 37 ní, torí prótọ́ọ̀nù 17 ló ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 17 mọ́ra nínú méjèèjì. Niútírọ́ọ̀nù ò gbé àmì, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà nílé. Klórínì ń wá ẹyọ kan kí ìpele ìta rẹ̀ lè di 8, sódíọ̀mù tó ní 2, 8, 1 sì ní ẹyọ kan tó lé lọ́wọ́. Wọ́n pàdé, ọ̀kan fún èkejì, iyọ̀ dé. (Ní kíláàsì ńlá, wọ́n á sọ fún un pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í yí po bí ọkọ̀ lójú ọ̀nà, pé ó dà bí ìkùukùu. Kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná.)

Níbí yìí ni mo ti máa ń rí àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ tí mo bá ń máàkì. Lẹ́yìn tí klórínì ti gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, tó di 18, àwọn ọmọ á sún prótọ́ọ̀nù rẹ̀ náà sí 18 kó lè dọ́gba. Wọ́n ti sọ ọ́ di árgọ́ọ̀nù láìmọ̀. Prótọ́ọ̀nù kì í jáde nílé nítorí òwò. 17 ló bá wá sáyé.

Àmọ́ ó níbi tí wọ́n ti mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, ìyẹn sì jẹ́ ìtàn tí mo fẹ́ràn. Raymond Davis, ará Amẹ́ríkà, fẹ́ mọ àwọn nǹkan bín-ín-tín kan tí wọ́n ń pè ní niutrínò, tí oòrùn ń tú jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tó lè dá wọn dúró, wọ́n ń gba inú ayé kọjá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré ni ọ̀kan nínú wọn máa ń kọlu klórínì 37, tí á sọ ọ́ di árgọ́ọ̀nù. 35 ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Davis wá ra oògùn olómi tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń fọ kóòtù, torí klórínì kún inú rẹ̀, nǹkan bíi lítà 380,000. Ó dà á sínú táńkì kan nínú ihò ìwakùsà wúrà ní South Dakota, ó jìn sísàlẹ̀ ilẹ̀ tó bíi kìlómítà kan ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó tì í, tó ń ka átọ́ọ̀mù árgọ́ọ̀nù ní méjì mẹ́ta. Ọdún 2002 ni wọ́n fún un ní Nobel. Kò ní kó ṣa 37 lọ́tọ̀. Ó mọ̀ pé bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó dà sínú táńkì ló jẹ́ 37.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ sọ kí ẹnì kan má bàa fi mú mi. Tí ọmọ yín bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè rí i pé klórínì 35 gan-an wọn 34.97, kì í ṣe 35 géérégé, àti pé ìpíndọ́gba tòótọ́ jẹ́ 35.45. Kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Tí prótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù bá fún pọ̀ mọ́ra nínú kóró, díẹ̀ nínú ìwọ̀n wọn máa ń jáde lọ gẹ́gẹ́ bí agbára. 35 tí à ń sọ jẹ́ kíkà, ó dà bí ìgbà tí ẹ sọ pé ẹyin 30 ló wà nínú kírééètì. Ẹ ò tíì wọ̀n ọ́n. Fún ìwé SS1, kíkà ló ń wá.

Wàyí o, àtúnṣe tí ọmọ máa kọ sínú ìwé rẹ̀ rèé. Kó kọ klórínì 35: prótọ́ọ̀nù 17, niútírọ́ọ̀nù 18, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 17. Kó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kó kọ klórínì 37: prótọ́ọ̀nù 17, niútírọ́ọ̀nù 20, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 17. Tó bá ṣì lágbára, kó gba bàbà mú: prótọ́ọ̀nù 29, nínú 100 bíi 69 jẹ́ 63, bíi 31 jẹ́ 65. Kó ṣírò ìpíndọ́gba rẹ̀, kó sì wò ó bóyá ó sún mọ́ ti inú àpótí.

Kó má lọ bá olùkọ́ rẹ̀ jiyàn o, ẹ bá mi kì í nílọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí wọ́n bá kọ ọ́ sójú pátákó pé niútírọ́ọ̀nù mélòó ló wà nínú klórínì, kó nàka sókè, kó kúnlẹ̀ tó bá gba bẹ́ẹ̀, kó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, klórínì èwo?"